Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Ran Ọmọ tí Ìwé Kíkà Ṣòro fún Lọ́wọ́

Kò sí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò ní mọ irú ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Nígbà tí gbogbo kíláàsì bá ń kàwé pọ̀, ẹnu ọmọ náà ń lọ bí ẹnu àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kí ó dìde kí ó dá ìlà méjì péré kà, yóò wo òrùlé, yóò wo ilẹ̀, yóò fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan náà yìí lè mọ àlọ́ pa ju gbogbo wọn lọ. Ó lè jẹ́ pé òun ni ìyá rẹ̀ ń fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún, tí kì í sì í ṣi owó kà. Wọ́n lè rán an ní iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan kí ó má gbàgbé ọ̀kankan. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ti dórí ìwé, yóò dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dì lójú.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé olódo ni ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ó dà bí ìgbà tí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, tí dókítà sì sọ fún un pé àìsàn ni ó ń ṣe é. Ojúṣe olùkọ́ ni láti wádìí ibi tí ọ̀nà gbé dí mọ́ ọmọ náà, nítorí pé kì í ṣe ibi kan náà ni ó ti ń dí mọ́ gbogbo wọn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ mú irú ètò bẹ́ẹ̀ ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Ètò méjèèjì mú kí àìmọye ọmọ tí ì bá wà lóko tàbí ní ìdí ọjà rí ilé-ìwé wọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wọ ilé-ìwé jẹ́ ohun kan, kí ó mọ ìwé kà sì jẹ́ ohun mìíràn. Ní ọdún 2023, àjọ UNICEF kéde pé nínú 100 ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 14, 75 ni kò lè ka gbólóhùn kékeré tàbí kí wọ́n yanjú ìṣirò tí kò le.

Bí ọmọ kò bá mọ ìwé kà ní kíláàsì kẹta, kì í ṣe ẹ̀kọ́ èdè nìkan ni ó pàdánù. Láti kíláàsì kẹrin lọ ni ìwé ti ń di irinṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù: ìṣirò tí a kọ sílẹ̀ bí ìtàn, ẹ̀kọ́ nípa ìlera, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ọmọ tí kò lè kà yóò kàn máa fi ojú wo gbogbo wọn ni. Bí wọ́n bá sì ń gbé e láti kíláàsì kan bọ́ sí èkejì nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó, ẹrù ìwé lásán ni ó ń rù lọ, tí ó ń rù bọ̀ fún ọdún mẹ́fà. Irú wọn kì í sábà sọ fún ẹnikẹ́ni pé ilé-ìwé ti sú àwọn. Wọ́n á kàn ṣe àìwá lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á tún ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì, títí tí olùkọ́ yóò fi pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé orúkọ.

Ohun tí ìwé kíkà jẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó jẹ́ Yorùbá kò wá sí ilé-ìwé lọ́wọ́ òfo. Ó ti gbọ́ èdè, ó sì ń sọ ọ́. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni bí àwọn àmì orí ìwé ṣe dúró fún ìró tí ó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ìwé kíkà. Èkínní ni yíyí àmì padà sí ìró. Èkejì ni gbígbọ́ ìtumọ̀ ohun tí a kà. Bí èkínní bá ń gba gbogbo agbára ọmọ, kò ní sí agbára tí yóò ṣẹ́ kù fún èkejì. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè pe gbogbo ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì lè sọ ohun tí gbólóhùn náà wí.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣe olùkọ́ lóore níhìn-ín. Lẹ́tà 25 ni a fi ń kọ ọ́: kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì 7. Kò sí ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì nínú rẹ̀, nítorí pé gb tí a fi àmì méjì kọ, ìró kan ṣoṣo ni. Bí a bá so kọ́ńsónáǹtì 18 mọ́ fáwẹ̀lì 7, sílébù 126 ni a óò rí. Ọmọ tí ó bá mọ sílébù wọ̀nyí, tí ó sì fi fáwẹ̀lì aránmúpè bí an, in àti un kún wọn, tí ó sì mọ̀ pé n lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù bí ó ti rí nínú kọ́ńdó, ti ní ohun tí ó lè fi pe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ náà ní ìwọ̀n, ó sì ní òpin. Ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ mọ èyí, nítorí pé ẹni tí ó ń rìn tí ó mọ ibi tí ọ̀nà parí sí kì í tètè rẹ̀.

Àwọn ibi tí ọ̀nà ti ń dí

Ara ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọmọ tí ó ń fún ojú pọ̀ kí ó tó rí pátákó, tí ó ń gbé ìwé súnmọ́ imú, tàbí tí kì í dáhùn àfi bí ó bá ń wo ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀, lè jẹ́ pé ojú tàbí etí ni ó ń dà á láàmú. Kí olùkọ́ gbé e jókòó síwájú, kí ó sì bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bákan náà ni ọmọ tí kò jẹun kúrò nílé. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ lẹ́tà pẹ̀lú lè fa ìdíwọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó lè ka a, bí, dí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí orin, tí kò sì lè ka ọ̀rọ̀ kan. Orúkọ lẹ́tà ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ ìró rẹ̀. Bí a bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ka bàtà, yóò ní: bí, a, tí, a. Létí rẹ̀, èyí kò jọ bàtà rárá, ó jọ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tí kò parí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé í tí ó wà nínú orúkọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ lọ kí ìró tó lè so mọ́ ìró.

Àkọ́sórí jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí ìṣòro fi ń fara pamọ́. Ọmọ tí etí rẹ̀ mú yóò gbọ́ ẹ̀kọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì kà á láìwo ìwé. Bí olùkọ́ bá fẹ́ mọ òtítọ́, kí ó bo àwòrán mọ́lẹ̀, kí ó sì ní kí ọmọ ka ìlà tí ó kẹ́yìn ṣáájú, tàbí kí ó mú ọ̀rọ̀ kan láti àárín kí ó kọ ọ́ sí ara pátákó.

Àwọn lẹ́tà kan sì wà tí wọ́n jọra. Láti kékeré ni ọmọ ti mọ̀ pé ife ni ife ń jẹ́, ibi yòówù kí a kọ ojú ọwọ́ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní orí ìwé, bí a bá yí b padà, ó di d. Bí a bá fi àmì kékeré sí ìdí e, ó di ẹ. Ìró o yàtọ̀ sí ọ, ìró s yàtọ̀ sí ṣ. Ọmọ tí ó ṣì wọ́n pè kò ya òmùgọ̀; ohun tí ojú rẹ̀ ti kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ó ń lò. Kí olùkọ́ má ṣe kọ́ b àti d ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Kí èkínní kọ́kọ́ múlẹ̀ dáadáa kí èkejì tó dé.

Ti ohùn tún wà níbẹ̀. Igba jẹ́ iye, igbá jẹ́ ohun tí a fi ń bu omi, ìgbà jẹ́ àkókò, igbà sì ni ọ̀pẹwọ̀n fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ gbogbo wọn. Ọmọ tí a kò kọ́ ní àmì ohùn yóò máa méfò ni. Ọmọ mọ ohùn wọ̀nyí lẹ́nu kí ó tó mọ̀ wọ́n lójú, nítorí náà kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti etí: kí ó fi dò, re, mí pè wọ́n, tàbí kí ó fi ọ̀pá lu àga bí onílù dùndún ti ń ṣe, kí àwọn ọmọ sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó fi àmì hàn wọ́n.

Ìwé ilé àti ìwé ilé-ìwé lè má bá ara wọn mu. Ní ọdún 1974 ni a fọwọ́ sí ìlànà àkọtọ́ tí ó sọ aiye di ayé, tí ó sọ ẹiyẹ di ẹyẹ, tí ó sì sọ nwọn di wọ́n. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ àtijọ́ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ Bíbélì àti ìwé orin ìsìn tí ó wà nílé. Ọmọ tí bàbá àgbà rẹ̀ ń kọ́ ní ìwé ní ìrọ̀lẹ́ lè rí ohun kan nílé, kí ó rí òmíràn lójú pátákó. Bí olùkọ́ bá ṣàlàyé èyí fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ìdààmú náà yóò tán.

Ọ̀rọ̀ èdè tí a fi ń kọ́ ọmọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń kọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ní ọdún kan náà. Lẹ́tà i ní orúkọ kan níhìn-ín, ó ní òmíràn lọ́hùn-ún. Ìró p ti Yorùbá kì í ṣe p ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó tún le ju èyí lọ ni pé bí ọmọ bá tilẹ̀ pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bí ó ti tọ́, kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí náà kò lè fi etí ara rẹ̀ mọ̀ bóyá òun ṣì í tàbí òun gbà á.

Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé kọ́ ẹ̀kọ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ gbogbo wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ dé òpin ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ìlànà ìjọba kò dúró sójú kan lórí èyí. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́; ní ọdún 2025 wọ́n wọ́gi lé e. Bí ó ti wù kí ìlànà rí, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè lo àkókò ẹ̀kọ́ Yorùbá láti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kíkà múlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń kọ́ bí àmì ṣe ń di ìró. Ọmọ tí ó bá ti lóye èyí ní èdè tí ó gbọ́ yóò gbé òye náà lọ sí èdè tí ó ń kọ́.

Ọmọ tí ó gbọ́n tí kò sì lè kà

Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, àwọn ọmọ díẹ̀ wà tí ojú wọn dá ṣáṣá, tí etí wọn mú, tí a fi èdè wọn kọ́, tí ìwé kíkà sì ṣòro fún síbẹ̀. Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí. Ní ọdún 1896, dókítà ará Ìlú Ọba kan, W. Pringle Morgan, kọ ìròyìn nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tí orí rẹ̀ pé, tí ó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n tí ó máa ń ṣi orúkọ ara rẹ̀ kọ. Olùkọ́ ọmọ náà sọ pé bí ó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, òun ni ì bá gbọ́n jù nínú ilé-ìwé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti mọ̀, nígbà náà, pé àìlèkàwé kì í ṣe ẹ̀rí àìlọ́gbọ́n. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ọ̀nà kan náà tí àwọn yòókù ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹ ní púpọ̀ sí i, ó sì ń fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe lójoojúmọ́.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti mọ ibi tí ọmọ dúró. Ẹgbẹ́ Pratham, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Mumbai ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1995, ní ọ̀nà kan tí ó rọrùn. Wọ́n ń fi ìwé pélébé kan wo ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ó lè ka lẹ́tà, ṣé ó lè ka ọ̀rọ̀, ṣé ó lè ka ìpínrọ̀ kúkúrú, ṣé ó lè ka ìtàn? Ibi tí ọmọ bá dé ni wọ́n ti ń mú un, wọn kì í wo iye ọdún tí ó ti lò ní ilé-ìwé. Olùkọ́ tí ó ní ọgọ́ta ọmọ nínú kíláàsì lè ṣe èyí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí ó bá ń pe ọmọ mẹ́fà lójúmọ́ nígbà tí àwọn yòókù ń kọ̀wé. Lẹ́yìn èyí, kí ó pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́. Kí ó má ṣe fún ẹgbẹ́ kankan ní orúkọ tí yóò fi hàn pé ó kẹ́yìn.

Fún àwọn tí wọ́n ṣì wà ní lẹ́tà àti sílébù, páálí tí ọjà wà nínú rẹ̀ tó. Kí olùkọ́ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó kọ sílébù kan sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan: ba, ta, la, bi, ti, li. Kí ọmọ máa tò wọ́n pọ̀ kí ó sì máa pè wọ́n. Bí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ba mọ́ ta tí ó sì gbọ́ bàtà lẹ́nu ara rẹ̀, òye yóò yé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ dára ju wákàtí kan lọ́sẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tí ọmọ yóò kà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó fẹ́ mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà orúkọ ìyá rẹ̀, ti àdúgbò rẹ̀, àti ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń kọjá níwájú ilé wọn. Kí olùkọ́ ní kí ó pa àlọ́ kan tí ó mọ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn márùn-ún bí ọmọ ti sọ ọ́ gan-an, kí ó sì fún un kà ní ọjọ́ kejì. Ọmọ mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni ó ti jáde. Nítorí náà ìtumọ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti dá àmì mọ̀. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá pé mẹ́wàá, kí olùkọ́ rán wọn pọ̀, kí ó kọ orúkọ ọmọ náà sí iwájú rẹ̀. Ọmọ tí ó ní ìwé tirẹ̀ kì í fi ìwé ṣeré.

Nípa ìyà jíjẹ, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ́ ọ jẹ kó má rá a lọ́wọ́. Ọmọ tí a ń nà nítorí pé ó ṣi ọ̀rọ̀ pè yóò kọ́ bí a ti ń dákẹ́, kò ní kọ́ bí a ti ń kà. Kí olùkọ́ má ṣe pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójijì láti wá kàwé níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Kí ó sọ fún un lánàá pé ìpínrọ̀ yìí ni ìwọ yóò kà lọ́la, kí ó bá a kà á ní kọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó pè é. Bí ó bá kà á tán, kí ó yìn ín lórí ohun tí ó ṣe gan-an: pé ó dá gb mọ̀ lónìí, pé ó dúró níbi àmì ìdánudúró, pé ó tún ọ̀rọ̀ tí ó ṣì pè ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ìyìn tí kò ní ìdí kì í pẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n.

Ilé pẹ̀lú ní iṣẹ́ ṣe. Òbí tí kò mọ ìwé rò pé òun kò lè ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n etí ni ọmọ ń fẹ́. Kí ìyá tí ń ta ata jẹ́ kí ọmọ jókòó tì í kí ó ka ojú ìwé kan sí i létí ní alaalẹ́, kí ó sì bi í pé, “Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?” Ìbéèrè yìí nìkan ń kọ́ ọmọ pé ohun tí a kà gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀. Bí ó bá ní àbúrò, kí ó máa kàwé fún àbúrò rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀yìn nínú kíláàsì di olùkọ́ nílé, ọkàn rẹ̀ á sì le.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́

Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, a máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún kíláàsì. A kì í sábà kọ́ ọ bí a ti ń tẹ̀lé ọmọ kan ṣoṣo. Yóò dára bí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ bá lè yan ọmọ kan tí ìwé kíkà ṣòro fún, kí ó sì ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ohun tí ọmọ náà kà, ohun tí ó ṣì pè, àti ohun tí ó sọ lójoojúmọ́ sí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, kí ó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò rí i pé àṣìṣe ọmọ kì í ṣe kàyéfì: b ni ó ń pè ní d nígbà gbogbo, tàbí ó ń fo àmì ohùn, tàbí ó ń wo lẹ́tà àkọ́kọ́ kí ó tó méfò ìyókù. Àṣìṣe tí ó ní ìlànà ní àtúnṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ìwé kékeré yìí lé olùkọ́ tí ó ní kíláàsì lọ́wọ́ kí ó tó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ má baà dúró ní ọjọ́ tí ó bá lọ.